Ṣé ó tọ́ bí Amẹ́ríkà ṣe ju bọ́ǹbù átọ́míìkì sí Japan kí ogun lè parí?

Ọmọ Ọjà Ọba
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará Òṣogbo. Láti Sátidé ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn. Bàbá tó bí bàbá mi jagun Hítílà dé Bọ́mà, níbi tí wọ́n ti bá Japan jà. Wọ́n wà lára àwọn ṣọ́jà tó wọ àfonífojì Kaladan, níbi tí mọ́tò ò ti lè kọjá, orí ni wọ́n fi ń ru ẹrù ogun. Fìlà wọn ṣì wà nínú àpótí páànù nílé wa, kòkòrò ti jẹ ẹ́ létí. Nígbà ayé wọn, bí oṣù kẹjọ bá ti wọlé, wọn á ní, "Bọ́ǹbù yẹn ló jẹ́ kí n rí yín." A ò bi wọ́n ní nǹkan kan rí.

Ní Sátidé, ọmọ mi obìnrin tó wà ní JSS 2 gbé fóònù wá, ó ní kí n wo àwòrán kan. Àtẹ̀gùn òkúta báǹkì kan ní Hiroshima ni. Ẹnìkan jókòó síbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kẹfà oṣù kẹjọ 1945, bóyá ó ń retí kí báǹkì ṣí. Ní aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, bọ́ǹbù bú. Iná rẹ̀ sọ òkúta di funfun yíká, àyàfi ibi tí ẹni náà jókòó sí, tó ṣì dúdú. Ọmọ mi ní, "Dádì, ṣé ẹni yìí náà ń bá Bàbá àgbà jà ni?" N ò rí èsì fún un. Ẹ gbà mí.

Bàbá Àlàbá
Àbúrò, lójú tèmi ó tọ́, bó ti wù kó korò tó. Ní Okinawa, erékùṣù Japan kan tí Amẹ́ríkà ti bá wọn jà lọ́dún yẹn kan náà, bíi 200,000 èèyàn ló kú, aráàlú sì pọ̀ nínú wọn. Bó bá wá di pé Amẹ́ríkà wọ Japan gan-an ńkọ́? Àwọn tí Japan ń pa ní Ṣáínà ńkọ́? Ẹni tó bá ń ka òkú, kó kà wọ́n pé.

Ìyá Ṣadé
Mo gbọ́ yín, sà. Ṣùgbọ́n kí 1945 tó parí, Hiroshima nìkan ti sin bíi 140,000. Ọjọ́ mẹ́ta péré lẹ́yìn bọ́ǹbù Hiroshima ni wọ́n ju èkejì sí Nagasaki. Kokura, ìlú Japan mìíràn, ni ọkọ̀ òfuurufú tó gbé e ń lọ tẹ́lẹ̀. Wọn ò rí ilẹ̀ ibẹ̀ dáadáa, ni wọ́n bá ṣẹ́rí. Rọ́ṣíà sì ti kéde ogun sí Japan lọ́jọ́ kẹjọ oṣù kẹjọ yẹn. Kí ló ń lé wọn tí wọn ò lè fún àwọn èèyàn náà láyè kí wọ́n rò ó? Ẹ̀mí èèyàn mà ni!

Ọmọ Ọjà Ọba
Ẹ ṣé gan-an. Bàbá Àlàbá, ọ̀rọ̀ Ṣáínà yẹn wọ̀ mí lára. Ṣùgbọ́n ohun kan ló ba tèmi jẹ́: Stimson, mínísítà ogun Amẹ́ríkà, ló ní kí wọ́n yọ Kyoto kúrò nínú àwọn ìlú tí wọ́n fẹ́ jù ú sí, torí ilé òrìṣà àtijọ́ àti àṣà ibẹ̀. Èmi tí wọ́n bí sí ìlú tó ni igbó Ọ̀ṣun, inú mi dùn pé Kyoto yè. Àmọ́ ẹni tó lè dá ìlú kan sí mọ̀ pé ìlú kì í ṣe bárékè.

Bàbá ò purọ́. Ogun parí, wọ́n wálé, èmi náà wà láyé. Lálẹ́ àná, èmi àti ọmọ mi gbé fìlà yẹn jáde. Mo sọ fún un pé rárá, ẹni orí àtẹ̀gùn yẹn ò bá Bàbá jà.