Ẹ gbà wá nímọ̀ràn: yíya fọ́tò ilé ìmọ́lẹ̀ ní Adágún Michigan

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ayàwòrán. Ọjọ́ 3 la fẹ́ lò nínú oṣù Kẹwàá ní etí Adágún Michigan, ní Amẹ́ríkà, láti ya àwọn ilé ìmọ́lẹ̀ tó ń tọ́ ọkọ̀ ojú omi sọ́nà: St. Joseph, Holland, Grand Haven, ká parí sí Ludington.

Oòrùn ló ń dà wá láàmú jù. Inú adágún ló ń wọ̀ sí lápá ibẹ̀ yẹn, nítorí náà ẹ̀yìn ilé ló máa ń wà nírọ̀lẹ́, àwọ̀ pupa Grand Haven á wá dúdú kirimú. Àárọ̀ ló ń tàn sí i lójú láti orí ilẹ̀. Ṣé ká ya àwọ̀ láàárọ̀, ká fi ìrọ̀lẹ́ sílẹ̀ fún òjìji? Àbí ká ya fọ́tò 3 tí ìmọ́lẹ̀ wọn ò dọ́gba, ká pa wọ́n pọ̀? Ẹ̀rù ìgbì ń bà wá, torí kì í dúró lójú kan, ó sì lè jáde ní méjì-méjì. Ti Holland sàn díẹ̀: àríwá ọ̀nà omi la ti ń wò ó, ẹ̀gbẹ́ ni oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń gbà.

Ilé ìmọ́lẹ̀ Big Sable Point, ní apá Ludington, tí wọ́n kọ́ ní 1867, ga ní ẹsẹ̀ bàtà 112. Ẹsẹ̀ la ó fi rìn débẹ̀, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó máìlì 2. Lórí iyanrìn, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí a gbé kámẹ́rà lé máa ń rì bí a bá ṣí lẹ́ǹsì fún ìṣẹ́jú àáyá 15. Kí lẹ ń tẹ́ sábẹ́ rẹ̀?

Bí ìjì bá ń jà, a ò ní gun afárá òkúta tó wọ inú adágún lọ síbi ilé ìmọ́lẹ̀ rárá. Ìgbì ń gbá èèyàn lọ níbẹ̀. Ṣé lẹ́ǹsì 200mm, tó ń fa ohun tó jìnnà súnmọ́, tó láti etíkun?