Ẹ gbà mí: ta ló ń ya àwòrán àfòyemọ̀ tó jẹ mọ́ ìṣègùn?

Ìyá Ìbejì: Ẹ kú iṣẹ́ o. Kíákíá ni, ẹ jọ̀ọ́: mo ń wá ayàwòrán àfòyemọ̀ (èyí tí kì í fi ènìyàn tàbí nǹkan hàn bó ṣe rí gan-an) tí ìṣègùn àti sáyẹ́ǹsì wà nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ibi tí àwọn aláìsàn ti ń dúró de dókítà la fẹ́ gbé e kọ́. Ọ̀gá ń gba orúkọ lọ́la.

Akéwejẹ̀: Wangechi Mutu, ọmọ Kẹ́ńyà. Ojú ìwé ìṣègùn àtijọ́ tó fi kókó inú ilé ọmọ hàn ló mú, ó gé bébà lẹ̀ mọ́ ọn, ó sọ ọ́ di orí obìnrin.

Àkànbí: Ẹ̀gbọ́n, ojú àti ẹnu hàn nínú ìyẹn. Damien Hirst, ayàwòrán ará Ìlú Ọba, ni: àmì roboto aláwọ̀ oríṣiríṣi, orúkọ oògùn ló fi sọ wọ́n.

Akéwejẹ̀: Àwọn olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ ló ya èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀.

Àṣàkẹ́: Ìyá Ìbejì, ẹ ṣọ́ra! Mo bẹ ẹnì kan níṣẹ́ rí, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ ló yà, ọ̀dà olóròóró. Kò tíì gbẹ tó fi ká a, ó dojú rẹ̀ sínú. Nígbà tí mo tú u, pupa ti lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn kánfáàsì, ó ń ṣí bí èépá ojú egbò. Owó mi ò padà.

Bàbá Ọ̀dà: Ẹ pẹ̀lẹ́. Ojú ọ̀dà ló yẹ kó wà níta tí a bá ń ká àwòrán. Olóròóró tó nípọn ń lo oṣù púpọ̀ kó tó gbẹ dénú. Acrylic, ọ̀dà olómi tó ń tètè gbẹ, ni kí wọ́n lò.

Àkànbí: Acrylic ò lè mọ́lẹ̀ látinú wá bí olóròóró.

Àṣàkẹ́: Mo sunkún lọ́jọ́ náà. Ẹ má gba olóròóró lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Adélàjà: Ẹ lọ bá àwọn ará yàrá àyẹ̀wò. Àwọ̀ méjì ni wọ́n fi ń rẹ sẹ́ẹ̀lì: hematoxylin ń sọ àárín sẹ́ẹ̀lì di aláwọ̀ aró, eosin ń sọ èyí tó yí i ká di pupa fẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ tóbi.

Akéwejẹ̀: Ayàwòrán ni wọ́n béèrè, Adélàjà.

Àdùkẹ́: Cajal, ará Sípéènì tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1906! Ó fi íńkì ya sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ bí ẹ̀ka igi.

Bàbá Ọ̀dà: Ó ti kú láti 1934, ọmọ mi.

Ìyá Ìbejì: Ẹ ṣé gan-an. Ọ̀gá ti mú ọmọbìnrin kan tí ẹnikẹ́ni ò dárúkọ níbí. Olóròóró ni, pupa sì pọ̀ níbẹ̀. Ìyá kan tó ń dúró de dókítà rí i lórí fóònù mi, ó ní ṣé òdòdó ni. Mo ní ẹ̀dọ̀fóró ni. Ó gba fóònù náà padà, ó wò ó pẹ́. Àṣàkẹ́, inú férémù ló máa gbé e wá. Kò ní ká a.