Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣiṣẹ́ tàbí tẹ́ ẹ léèyàn nílé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà, kí lojú yín rí nípa ìmọ́tótó ibẹ̀?

— Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ tèmi. Ìmọ́tótó niṣẹ́ mi, mo sì ti rí i pé yàrá lè mọ́ tónítóní kó tún jẹ́ pé ibẹ̀ gan-an ni ìyá àgbà á ti ṣubú. Màmá kan wà tó jẹ́ pé òru ni wọ́n máa ń dìde lọ tọ̀, wọn ò ní tanná, wọ́n á kàn nawọ́ ọ̀tún ni, wọ́ọ́kà wọn, ìyẹn irin tí wọ́n máa ń dì mú rìn, á ti wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí mi ò sí níṣẹ́, ẹni tó bá mi dí àyè mi sún wọ́ọ́kà lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri kó lè ráyè fi mọ́ọ̀pù nulẹ̀, ó sì so okùn bẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fi ń pe nọ́ọ̀sì sókè kó má bàa wọ́lẹ̀, ilẹ̀ ń dán, yàrá ń ta sánsán, màmá nawọ́ lóru wọn ò bá nǹkan kan. Eegun ìbàdí wọn ló kán. Ó dùn mí wọra. Ní báyìí kí n tó jáde, màá bẹ̀rẹ̀ sétí bẹ́ẹ̀dì, màá nawọ́ bíi tẹni tó ń sùn níbẹ̀, ṣé mo kan bẹ́ẹ̀lì, ṣé mo kan wọ́ọ́kà, omi ńkọ́, awò ojú ńkọ́.

— Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Tiwa ni ìgbẹ́ gbuuru tó ń ràn láti yàrá dé yàrá. Sanitáísà la ń fi pa ọwọ́ ṣáá, kò dúró, àfìgbà tí nọ́ọ̀sì wa sọ pé kòkòrò àrùn kan tí wọ́n ń pè ní C. diff ló ń fà á, ọtí inú sanitáísà kì í pa á, ọṣẹ àti omi ni ká fi fọwọ́. Ká tún kọ́kọ́ nu ìdọ̀tí kúrò lára irin bẹ́ẹ̀dì, rìmóòtù àti bọ́tìnì bẹ́ẹ̀lì, lẹ́yìn náà ká fi bleach nù ún, kó sì wà ní tútù níbẹ̀ fún iye ìṣẹ́jú tí wọ́n kọ sára ike ẹ̀. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má po bleach mọ́ oògùn tí wọ́n fi ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ rárá, afẹ́fẹ́ tó ń jáde níbẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, arúgbó tí ò lè dá dìde ò sì lè sá.

— Bàbá mi tí iyè wọn ti ń ra kọ̀ jálẹ̀ pé àwọn ò wọ bálùwẹ̀, àwọn kan ní agídí ni. Ẹní dúdú tí wọ́n tẹ́ sẹ́nu ọ̀nà ni, ihò ni bàbá ń rí. Wọ́n ká a kúrò, bàbá wọlé lọ wẹ̀. Ilẹ̀ tó bá ń dán jù náà, wọ́n lè rò pé omi ni. Tẹ́ ẹ bá rí irú ẹní bẹ́ẹ̀ níbi táwọn èèyàn yín wà, ẹ ní kí wọ́n ká a.