Abẹ́rẹ́ oríkèé tó ń wú: èwo ni màmá lè gbà kí wọ́n tó lọ Ìjẹ̀bú?

Ọmọ Ṣágámù: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Methotrexate, oògùn tí wọ́n ń lò fún àìsàn oríkèé wíwú (rheumatoid arthritis), nìkan ò ká oríkèé ọwọ́ màmá wa mọ́. Dókítà ní kí wọ́n mú ọ̀kan nínú abẹ́rẹ́ mẹ́ta: adalimumab, etanercept àti tocilizumab. Wọ́n sì fẹ́ lọ sílé fún Ojúde Ọba, bí ọjọ́ mẹ́wàá. Èwo ni kí wọ́n mú?

Ẹ̀gbọ́n Ìjẹ̀bú-Igbó: Àbúrò, tí methotrexate bá ṣì ń bá a rìn, agbára wọn ò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra. Tí ara màmá bá kọ methotrexate pátápátá, tocilizumab nìkan máa ń ṣiṣẹ́ ju adalimumab nìkan lọ. Tí wọ́n bá ní Crohn's (àìsàn ìfun wíwú) tàbí uveitis (wíwú inú ojú) mọ́ ọn, ẹ fi etanercept sílẹ̀, kì í ṣiṣẹ́ fún ìwọ̀nyẹn.

Ti ìrìn àjò ńkọ́? Adalimumab, 40 mg ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Wọ́n á gbà á nígbà tó bá ku ọ̀la kí wọ́n wọ bàálù, wọ́n á sì padà dé kí òmíràn tó kàn. Etanercept 50 mg àti tocilizumab 162 mg, ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni, ẹ ní láti gbé e dání.

Ẹ ṣọ́ra fún tocilizumab o. Ó máa ń rẹ CRP (ohun tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fi ń mọ̀ pé ara ń wú tàbí kòkòrò ti wọlé) sílẹ̀, ó sì lè bo ibà mọ́lẹ̀. Kòkòrò lè ti wọ ẹ̀dọ̀fóró kí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ṣì máa sọ pé kò sí nǹkan. Tí wọ́n bá gbé màmá dé OOUTH, ilé ìwòsàn ńlá tó wà ní Ṣágámù, tí dókítà ò mọ̀ pé wọ́n ń gbà á, èsì yẹn á ṣì í lọ́nà. Ẹ kọ orúkọ oògùn náà sórí ìwé, kó wà nínú pọ́ọ̀sì wọn.

Àǹtí Ìjẹ̀bú-Òde: Ká tó bẹ̀rẹ̀ èyíkéyìí, àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ àti hepatitis B. Abẹ́rẹ́ wọ̀nyí ń dín agbára tí ara fi ń bá àrùn jà kù, ikọ́ tó sùn sínú ara láti ilé lè jí.

Káàdì yẹ́lò màmá dà? Kòkòrò ààyè ló wà nínú àjẹsára yellow fever, ẹni tó ń gba abẹ́rẹ́ wọ̀nyí ò gbọdọ̀ gbà á. Tí wọ́n bá ti gbà á rí, káàdì náà kì í kú mọ́ láti 11 July 2016. Tí kò bá sí, ẹ béèrè ìwé tó sọ pé ara wọn ò gbà á (waiver) lọ́wọ́ ibi tí wọ́n ti ń gún un. Ìwé yẹn ò dí ẹ̀fọn lọ́wọ́ ṣá.

Tí ẹ bá gbé oògùn dání, inú báàgì ọwọ́ ni, láàárín 2 sí 8 dígíìrì. Ẹ fi tówẹ̀lì pààlà láàárín òun àti yìnyín. Èyí tó bá ti dì ti bàjẹ́, kódà tó bá ti yọ́. Humira (orúkọ kan tí wọ́n fi ń ta adalimumab) lè wà níta fún ọjọ́ 14 tí ooru ò bá ju 25 lọ, ṣùgbọ́n ooru ilé wa máa ń kọjá bẹ́ẹ̀. Ẹ fi tẹmọ́mítà kékeré sínú fíríìjì, torí iná.

Ọmọ Ṣágámù: Ẹ ṣeun gan-an, Àǹtí. Wọ́n ní ó máa ń ta èèyàn lára?

Àǹtí Ìjẹ̀bú-Òde: Tútù wà lára ohun tó ń fà á. Ẹ yọ ọ́ síta fún ìṣẹ́jú 30, ẹ má fi omi gbígbóná yá a. Adalimumab tí kò ní citrate (èròjà kan tí wọ́n ń pò mọ́ oògùn náà) kì í ta bẹ́ẹ̀, ẹ béèrè fún un. Itan tàbí ikùn, kó jìnnà sí ìdodo ní 5 cm, ẹ sì máa pààrọ̀ ojú ibẹ̀. Ẹ má gbé péènì náà kúrò títí àwọ̀ ojú fèrèsé rẹ̀ á fi yí tán. Tí ẹ bá tètè gbé e, oògùn á dà sórí awọ. Ẹ má gún òmíràn láti fi dí i, nọ́ọ̀sì yín ni kí ẹ pè.