Ta ni wọ́n ti ṣe àdàkọ iṣẹ́ ẹ̀ rí? Kí ló ṣẹlẹ̀ sí owó tó ń wọlé?

Ìyá Aláró, Iléṣà
Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Inú ló bí mi tí mo fi ń kọ èyí. Àdìrẹ alábẹ́là ni mò ń ṣe, èyí tí àwọn kan ń pè ní kàǹpálà. Lọ́dún tó kọjá, a gé fóòmù kan bí ewé kókò, a tẹ̀ ẹ́ bọ abẹ́là yíyọ́, a fi lu aṣọ. Nígbà tá a rẹ ẹ́ sínú aró tá a sì bọ abẹ́là kúrò lára ẹ̀, ó dára débi pé mo gbé fọ́tò ẹ̀ sórí WhatsApp. Kò pé oṣù márùn-ún, mo dé ọjà Àtàkúmọ̀sà, ewé kókò wa ni mo bá lórí ìsọ̀ aláṣọ kan. Fóòmù yẹn ya díẹ̀ létí, ó máa ń fi ìlà tín-ín-rín sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ewé. Ìlà yẹn wà níbẹ̀! Mo yí aṣọ padà, ẹ̀yìn ẹ̀ funfun báláú. Ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́. Ìyá tó ń tà á ní láti Ṣáínà ni. Yáàdì márùn-ún, ₦5,500. Aṣọ funfun tí mo fi ń ṣe tèmi nìkan ju ìyẹn lọ, kí n tó ra aró, sódà àti abẹ́là. Ta ni irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí? Ẹ wá sọ tiyín.

Bọ̀dá Ìsọ̀kùn
Háà! Títí dórí ibi tó ya?

Tẹ́lọ̀ Lágere, Ifẹ̀
Màmá, ẹ má bínú sí mi. Aṣọ Ṣáínà yẹn ń mú iṣẹ́ wá fún mi. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń jáde ní OAU á kó ogójì aṣọ ẹgbẹ́ wá lẹ́ẹ̀kan náà. Ibi tó ti ń dùn mí ni pé wọ́n á na aṣọ sí mi lójú: “Aṣọ ₦5,500, ẹ wá fẹ́ gba ₦7,000 láti rán an?” Bẹ́ẹ̀ bùbá ni bùbá, wákàtí tí mo fi ń jókòó ti ẹ̀rọ kò dín kù.

Ọmọ Ọbòkun
Ọ̀wọ́n là á ra ògo, ọ̀pọ̀ là á ra ọ̀bùn.

Tíṣà Àdùkẹ́
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fòwe bú àwa tá à ń rà á. Ilé ìwé aládàáni ni mo ti ń kọ́ ọmọ, owó oṣù mi ò sún mọ́ ₦70,000, owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní 2024. Ọmọ mẹ́ta, ìyá ọkọ mi kú, wọ́n ní àdìrẹ la máa wọ̀. Kí ni kí n ṣe?

Ìyá Aláró, Iléṣà
Ẹ kú ọ̀fọ̀ o, Tíṣà. Kì í ṣe ẹ̀yin ni mò ń bá wí.

Baba Erẹ́jà
Ọ̀rọ̀ àdàkọ yìí ti pẹ́. Àǹkárá tí gbogbo wa ń wọ̀, aṣọ alábẹ́là àwọn ará Jáfà ní Indonesia ni àwọn Họ́láǹdì fi ẹ̀rọ ṣe àdàkọ ẹ̀. Ilé iṣẹ́ Vlisco tiwọn ti wà láti 1846, kí wọ́n tó bí bàbá bàbá mi. Ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín ló ti wá tà jù. Lónìí, Ṣáínà ń ṣe àdàkọ ti Họ́láǹdì. Àwọn Òṣómàáló tiwa náà ńkọ́? Nígbà tí wọ́n ń gbé aṣọ òyìnbó kiri, tí wọ́n ń tà á láwìn, ta ló bi àwọn ìyá tó ń hun kíjìpá léèrè?

Ọmọ Ọbòkun
Baba, ẹ fi Òṣómàáló sílẹ̀! Wọn ò jí iṣẹ́ ẹnikẹ́ni. Wọ́n tajà, wọ́n lóṣòó gba owó wọn.

Ará Modákẹ́kẹ́
Ẹnu ọ̀nà bàbá bàbá mi ni wọ́n lóṣòó sí o. Wọ́n ṣì ń sọ ọ́ nílé wa 😂

Bọ̀dá Ìsọ̀kùn
Ẹ padà sórí ọ̀rọ̀. Àbúrò bàbá mi ṣiṣẹ́ níléeṣẹ́ aṣọ ní Kàdúná. Kò síná, epo tí wọ́n fi ń tan ẹ̀rọ wọ́n, aṣọ fàyàwọ́ sì kún ọjà. Wọ́n tilẹ̀kùn ní 2007. Ọ̀kadà ló fi wálé.

Akọ̀wé Parakin
Tèmi kì í ṣe aṣọ. Mò ń gbọ́ ohùn tí àwọn ará Amẹ́ríkà gbà sílẹ̀, mo ń tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà fún wọn. Ní 2021, $1 ni mò ń gbà fún ìṣẹ́jú kan. Àwọn ará Philippines, India àti Kenya ń bá wa dù ú, ó di sẹ́ǹtì 40. Ní báyìí, ẹ̀rọ ló ń kọ ọ́, èmi kàn ń ṣàtúnṣe sí i ni, sẹ́ǹtì 15. Látìgbà tí náírà ti já ní June 2023, dọ́là mi ń dín, náírà mi ń pọ̀, ìrẹsì tí mò ń rà ò kúrò ní kóńgò méjì.

Tíṣà Àdùkẹ́
Ará Amẹ́ríkà tó ń ṣe é kó o tó dé ńkọ́? Ìwọ náà kọ́ ni Ṣáínà tiẹ̀?

Akọ̀wé Parakin
Àǹtí, ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lára. Oníbàárà mi kan sọ fún mi nígbà yẹn pé obìnrin kan ládùúgbò òun ló ń ṣe é, $2.50 ló ń gbà. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà pé wọ́n gbé e fún mi. Mi ò ronú kan obìnrin yẹn rí, àfi lónìí.

Bọ̀dá Ìsọ̀kùn
Kò jọra. O ò jí nǹkan ẹ̀. Owó kékeré lo gbà.

Tíṣà Àdùkẹ́
Ẹ̀yin náà, Ìyá Aláró. Àwọn ọmọ tó ń bá yín lu abẹ́là ńkọ́? Ṣé ẹ ò dín owó wọn kù?

Ìyá Aláró, Iléṣà
Mi ò ní purọ́. Mẹ́rin ni wọ́n. ₦1,500 ni mò ń san lórí aṣọ kan, mo dín in sí ₦1,000 nígbà tí ọjà ò yá mọ́. Ọ̀kan lọ ń ṣe POS. Ọ̀kan wà níbi tí wọ́n ti ń fọ yanrìn góòlù, ó ní owó ibẹ̀ dára jù. Òun ló gé fóòmù ewé kókò yẹn.

Tẹ́lọ̀ Lágere, Ifẹ̀
Háà, Màmá. Ṣé ó mọ̀ pé ó ti dé ọjà?

Ìyá Aláró, Iléṣà
Mo pè é láàárọ̀ yìí. Ariwo ẹ̀rọ tó ń fa omi ò jẹ́ ká gbọ́ra wa. Ó ní tílẹ̀ bá ṣú, òun á pè mí padà.