Àárẹ̀-ẹgbẹ́ kẹ̀? Òde ló sú wa

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìjókòó o.

Àbúrò wa tó kọ̀wé láti London ní òun ti rí ọ̀rọ̀ Yorùbá fún ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "social battery", okun téèyàn fi ń wà láàárín èrò, èyí tó máa ń tán kí òde tó túká: "bátìrì ìbánikẹ́gbẹ́". Tó bá tán, ó ní ká pè é ní "àárẹ̀-ẹgbẹ́". Háà! Ẹni tó ń ṣàárẹ̀, àgbo là ń sè fún un. Bí mo bá sọ pé àárẹ̀-ẹgbẹ́ ń ṣe mí, wọ́n á ní gbogbo ẹgbẹ́ aláṣọ-ẹbí ló jẹ mọ́ínmọ́ín tó ti kan.

Mi ò bá bátìrì jà. Ọmọ ilé ni látayé rédíò àti tọ́ọ̀ṣì. Tó bá kú, a máa ń sá a sóòrùn. *Sú* tẹ́ ẹ fò kọjá ló ń bí mi nínú. Òde sú mi. Ẹ wò ó: òde ni olùwà, èmi ni àbọ̀, bíi ti ó rẹ̀ mí, bíi ti ebi ń pa mí. Ta ló ń sọ pé "mo sú òde"? "Bátìrì mi ti tán" sọ mí di ẹni tó ń ka owó àpò rẹ̀.

Ọjọ́ kẹta ìsìnkú bàbá àgbà, ìyá àgbà wọ yàrá, wọ́n tú gèlè, wọ́n kọjú sógiri. "Ojú èèyàn ti sú mi. Ẹ sọ fún wọn pé mo ti sùn." Oorun wo? Obì ni wọ́n ń jẹ lábẹ́lẹ̀. Kò pé wákàtí kan, wọ́n wé gèlè mìíràn, wọ́n jáde, wọ́n ń kí èrò lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú oríkì.

Alàgbà tó fi Jung, onímọ̀ ọkàn ará Switzerland, ṣe ẹ̀rí fún bátìrì, ìwé tí ọkùnrin náà kọ lédè Jámánì lọ́dún 1921, ibi tí okun ọkàn kọjú sí ló ń wí, síta tàbí sínú. Kò ka bátìrì.

Bó bá di dandan ká ní ọ̀rọ̀-orúkọ, ẹ mú "ìsúni". Ṣùgbọ́n ẹ fàmì òkè sí i o! Ẹni tó kọ "ìṣuni" lánàá, mo mọ̀ pé ọmọ Ìbàdàn tí kò fẹ́ ká mọ̀ pé "s" lòun ń pe "ṣ" ni, ló bá sọ "s" pàápàá di "ṣ"; a ò tíì dórí ọ̀rọ̀ ṣáláńgá.

Agara kọ́ sì ni. Agara ń dáni nítorí aláìgbọràn; òde lè dùn bí oyin, kó ṣì súni. Ọ̀gá wa ará Ìjẹ̀bú ní báyìí kọ́ ni wọ́n ń wí i nílé àwọn. Kí wọ́n kọ tiwọn wá. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo ti ń retí rẹ̀.