Wọ́n ní kí àbúrò mi gbà pé òun jẹ̀bi, ṣé kó sáìn?

Ọmọ_Ìjẹ̀bú: Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn o. Àbúrò mi wà ní Houston, green card ló ń lò, wọ́n mú un lórí ọ̀rọ̀ ṣẹ́ẹ̀kì, owó ibẹ̀ tó $14,000. Lọ́yà tí kóòtù fún un ní kó gbà pé òun jẹ̀bi, kò ní ṣẹ̀wọ̀n, probation ọdún 2 péré (á wà nílé, kóòtù á máa ṣọ́ ọ), tó bá ṣe é tán adájọ́ á da ẹjọ́ náà nù, deferred ni wọ́n ń pè é. Màmá wa ti ń dúpẹ́ lórí fóònù, èmi ni ọkàn mi ò balẹ̀. Tuesday ló fẹ́ sáìn.

Baba_Dallas: Kó má sáìn o! Lọ́dọ̀ ìmígíréṣọ̀n, téèyàn bá ti lè gbà pé òun jẹ̀bi tí adájọ́ sì fún un níyà díẹ̀, probation náà wà ńbẹ̀, ẹlẹ́bi ni, Texas ìbáà da ẹjọ́ nù lẹ́yìn ọ̀la kò kàn wọ́n. Jìbìtì tí owó tó bá a lọ bá ti ju $10,000, aggravated felony nìyẹn, ìyẹn ẹ̀ṣẹ̀ tó wúwo jù lójú òfin ìmígíréṣọ̀n, wọ́n lè dá a padà sí Nàìjíríà, kò sì lè di citizen láéláé. Iye owó tí wọ́n máa kọ sínú ìwé yẹn gan-an ni kí lọ́yà bá wọn fà.

Sísí_Maryland: Ẹ wo ẹjọ́ Padilla ní Kentucky. Bàbá yẹn ti lò ju 40 ọdún lọ ní Amẹ́ríkà, ó bá wọn jagun Vietnam, tírélà ló ń wà, igbó ni wọ́n bá nínú ẹ̀. Lọ́yà ẹ̀ ní kó fọkàn balẹ̀, ó ti pẹ́ nílùú. Ló bá gbà pé òun jẹ̀bi, ni wọ́n bá fẹ́ lé e lọ. 2010 ni Supreme Court wá sọ pé dandan ni kí lọ́yà kìlọ̀ fún ẹni tí kì í ṣe citizen. Kí àbúrò yín bi tiẹ̀ léèrè dáadáa.

Ọ̀gbẹ́ni_K: Citizen gan-an ò bọ́. Citizen ni mí, àmọ́ fẹ́lónì mi (ẹ̀ṣẹ̀ ńlá tí wọ́n dá mi lẹ́bi lé lórí) ò yéé jáde nínú background check tí àwọn onílé ń ṣe, wọ́n á gba owó fọ́ọ̀mù ilé tán wọ́n á ní rárá. Ìbọn ò sí fún mi mọ́ (kí ni mo tiẹ̀ fẹ́ fi ṣe). Ẹ̀tọ́ ìdìbò ni mo rí gbà padà nígbà tí mo parí probation, ìyẹn ní Texas o, ará Maine àti Vermont ń dìbò látinú ẹ̀wọ̀n.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú: Ha! Ó mà ti ra tíkẹ́ẹ̀tì December, ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n wa nílé.

Baba_Dallas: Kó fagi lé e. Tó bá ń padà bọ̀, airport ni wọ́n ti lè dá a dúró. Kí lọ́yà bẹ kóòtù fún ọjọ́ mìíràn ná, kẹ́ ẹ sì wá lọ́yà ìmígíréṣọ̀n kí Tuesday tó pé.